Ilé Àtijọ́ Àdúgbò Ni Kí A Tún Ṣe

  Mo tọrọ àyè láti sọ èrò mi lórí ọ̀ràn kan tí ó ti ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin wa láti bí oṣù mélòó kan.

Ẹgbẹ́ wa ń wá ibùjókòó. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a lọ ra ilé ìkẹ́rù ńlá kan ní ẹ̀yìn ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àyè ti pọ̀, tí aládùúgbò kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní pe ọlọ́pàá nítorí ìlù. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a ra ilé àtijọ́ kan ní Third Ward, ní ìlú Houston tí a ń gbé yìí, kí a tún un ṣe, kí a sì jẹ́ kí àdúgbò bá wa lò ó. Ti àwọn ìkejì yìí ni mo ń ṣe. N ó sọ ìdí rẹ̀, n ó sì dáhùn àwọn tí èrò wọn yàtọ̀ sí tèmi, nítorí àwọn náà kò sọ̀rọ̀ láìnídìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ilé pákó tóóró tí wọ́n ń pè ní shotgun house. Yàrá kan péré ni ìbú rẹ̀. Yàrá kejì wà lẹ́yìn èkíní, ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn èkejì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé yóò gba inú gbogbo wọn kọjá. Pèpéle iwájú rẹ̀ kọjú sí títì, ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ lè kí gbogbo ẹni tí ń kọjá. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ àṣà ìbílẹ̀ kan, John Michael Vlach, tọ ipasẹ̀ ilé yìí láti New Orleans padà sí Haiti. Ó rántí wa létí pé ní 1809, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wàhálà Haiti ti lé lọ sí Cuba tún ṣí kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dé sí New Orleans. Ó sì sọ pé bí a bá tọ ipasẹ̀ náà kọjá òkun, ilé oníyàrá méjì ti ilẹ̀ Yorùbá ni a ó bá ní ìdí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lórí apá kan ọ̀rọ̀ yìí, àríyànjiyàn sì tọ́ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó dun olórìṣà pé ilé tí ó ṣeé ṣe kí ó gba ọ̀nà kan náà tí òrìṣà gbà dé ibí ni katakata ń wó lójoojúmọ́ lójú wa, tí a ń kọjá lára rẹ̀ lọ wá ilé onípáànù lẹ́yìn ìlú.

Kì í ṣe àwa ni a ó kọ́kọ́ rí iyì ilé wọ̀nyí. Ayàwòrán John Biggers, ẹni tí ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní yunifásítì Texas Southern ní Third Ward níbí ní 1949, rin ìrìn àjò lọ sí Ghana, Togo, Dahomey àti Nàìjíríà ní 1957. Nígbà tí ó padà dé, ilé pákó àdúgbò di ohun tí ó ń yà léraléra, bí ẹni tí ń ya ojúbọ. Ní 1993, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú méje tí iṣẹ́ Biggers ti tan iná sí lọ́kàn para pọ̀, wọ́n gba ilé shotgun 22 tí ó ti di ahoro, wọ́n sì sọ wọ́n di ohun tí a mọ̀ sí Project Row Houses. Wọ́n fi àwọn kan ṣe ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ya àwọn mìíràn sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá ọ̀dọ́ tí kò ní ọkọ nílé, kí wọ́n lè máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá ń kàwé lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ ilé náà di ibi tí a ti ń wo àtijọ́ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ọmọ ń sunkún nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ń ta sánsán nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo ń pè ní àtúnṣe.

Bí ẹ bá tún rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó dé Emancipation Park. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, 1865, ni wọ́n ka ìwé òmìnira ní Galveston. Nígbà tí yóò fi di 1872, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú, tí Jack Yates wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti dá owó jọ láti ra ilẹ̀ éékà 10 níbẹ̀, kí wọ́n má baà máa tọrọ ibi tí wọn yóò ti ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn. Ọdún méje péré! Wọn kò ní báńkì, wọn kò ní agbẹjọ́rò, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀. Àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí a ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ni àwáwí wa?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Ìyá, ìjọba ti ní òfin tí ó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn.” Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í gbé inú ilé. Ẹ wo Freedmen's Town ní Fourth Ward. Àwọn òmìnira fi ọwọ́ ara wọn to bíríkì sí títì ibẹ̀, àwọn ará àdúgbò kan sì gbà títí di òní pé àmì Yorùbá ni bíríkì tí wọ́n tò ní oríta kan níbẹ̀ ń ṣàpẹẹrẹ. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún Èṣù, tí ó mọ gbogbo oríta. Ohun tí ó dájú ni pé wọ́n kọ orúkọ àdúgbò náà sínú ìwé ohun ìtàn ìjọba àpapọ̀ ní 1985, síbẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé inú rẹ̀ ni wọ́n ti wó. Orúkọ wà nínú ìwé. Ilé kò sí lórí ilẹ̀.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ilé kan sí Tinúbú ní 1855, tí a wá mọ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar nígbà tó yá. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Fún ọgọ́ta ọdún ni àkọlé yẹn fi wà lórí rẹ̀, tí ògiri ń lanu, tí òrùlé ń jò, tí a ń bá a lọ láti pè é ní ohun ìṣúra. Ní oṣù kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ilé tí ènìyàn kò lò ni ògiri rẹ̀ máa ń lanu. Bí ọmọ bá ń kọ́ ìlù nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, bí àwọn àgbà bá ń jẹun nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ta ni yóò gbé katakata débẹ̀ tí ariwo kò ní sọ?

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé gbogbo àtúnṣe ni ó dára. Gbogbo yín tí ẹ ti dé Bahia ti rí Pelourinho, tí àwọn ilé rẹ̀ pọ́n bí osùn, tí wọ́n funfun bí ẹfun, tí àwọn mìíràn sì dúdú bí aró. Ní 1985 ni UNESCO fi àárín ìlú Salvador sínú àwọn ibi ìṣúra gbogbo ayé. Ní ọdún 1990 sí 1999, ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún àwọn ilé rẹ̀ ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tálákà tí ń gbé inú wọn jáde, púpọ̀ nínú wọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n fún wọn ní owó díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá ibòmíràn lọ. Ògiri tàn, àwọn arìnrìn-àjò wọlé, àwọn tí ó ni orin inú àdúgbò náà sì ti lọ. A tún ilé ṣe, a ba agbo ilé jẹ́.

Ní ìlú Salvador yẹn kan náà ni ẹ̀kọ́ kejì wà. Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọ̀ká, tí gbogbo ayé ń pè ní Casa Branca, ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè Brazil gbà láti dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ìlú, ní 1984. Ẹnu àwọn ìgbìmọ̀ kò kò lórí rẹ̀ rárá. Àwọn kan béèrè pé kí ni ó wà níbẹ̀ tí a ń dáàbò bò: ilé lásán, igi, òkúta. Wọn kò rí ilé aláràǹbarà tí wọ́n mọ̀ ọ́n wò. Gilberto Velho, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀, dúró lé e pé ohun tí ó wà láàyè ni ilé òrìṣà, àti pé ààbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ohun tí yóò dè é lọ́wọ́. Èyí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ohun tí ó gba Casa Branca sílẹ̀ ni àwọn ìyá tí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Òfin wá tẹ̀ lé wọn. Òfin kọ́ ni ó ṣáájú wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ju ilé pákó àti ilé onípáànù lọ. Irú aládùúgbò wo ni a fẹ́ jẹ́? Bí a bá ra ilé kan ní Third Ward, tí a tún un ṣe, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a ń wọlé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú ọkọ̀ wa láti ìgbèríko, a ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń lé àwọn àgbà àdúgbò jáde. Owó orí ilé ń gòkè níbẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ilé alájà mẹ́ta ń hù bí olú láàrin àwọn ilé kéékèèké. Ìyá àgbàlagbà tí ó ti gbé ibẹ̀ láti àádọ́ta ọdún kò ní bi wá bóyá òrìṣà tàbí oníṣòwò ilẹ̀ ni a ń sìn. Ohun tí ọwọ́ wa bá ṣe ni yóò wò.

Àwọn tí èrò wọn yàtọ̀ sí tèmi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èkíní ni pé òrìṣà kì í gbé inú ògiri, pé orí ẹni ni ojúbọ àkọ́kọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láàrin ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ti kó ẹrù òrìṣà wa kiri, láti inú gáréèjì dé inú yàrá ilé onílé, nítorí pé onílé fẹ́ ilé rẹ̀ tàbí pé owó ilé ti kọjá agbára wa. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ bi àwọn tí wọ́n ṣáájú yín léèrè bí wọ́n ṣe kọ́ orin: lórí fóònù, nínú ọkọ̀, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Orí ni ojúbọ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í dúró lára ẹni tí kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àṣírí: bí a bá ṣí ilé fún àdúgbò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí awo? Mo dáhùn pé ilé ìlú wa ti yanjú èyí kí a tó bí wa. Gbogbo ènìyàn ni ó ń dé ojúde. Àlejò ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ará ilé ń dé yàrá. Ẹni tí ó tẹ̀ ni ó ń dé ìgbòdù. Ilé shotgun sì bá ètò yìí mu bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ́ ọ. Kí pèpéle jẹ́ ti gbogbo ará àdúgbò. Kí yàrá kìíní jẹ́ ibi ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, ti ìlù, ti aṣọ aláró. Kí èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹgbẹ́. Kí èyí tí ó kángun, tí ó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, jẹ́ ti òrìṣà, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ní Harlem, ibùjókòó tí Caribbean Cultural Center ń lò lónìí, èyí tí Marta Moreno Vega, tí òun náà jẹ́ olórìṣà, dá sílẹ̀ ní 1976, jẹ́ ilé àtijọ́ àwọn panápaná ní East 125th Street, tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ṣí ní 2016. Ẹnikẹ́ni lè wọ ibẹ̀ láti títì. Awo kò tú nítorí ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù, mo sì mọ̀ pé òun ni ó wà lábẹ́ èyí tí ó kù. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ìlú ni ààbò wà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Hialeah ní Florida. Ní 1987 tí Ìjọ Lukumi Babalu Aye kéde pé àwọn yóò ṣí ilé ìsìn fún gbogbo ènìyàn ni ìlú náà sáré ṣe òfin lòdì sí ẹbọ. Ní 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ẹnu kò pé àwọn òfin náà tako òmìnira ẹ̀sìn. Ní Texas tiwa níbí, José Merced, tí ó jẹ́ oríaté, bá ìlú Euless ṣe ẹjọ́ lórí ẹbọ inú ilé rẹ̀, ó sì borí ní 2009. Àwọn tí wọ́n jáde síta ni wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ tí àwa ń jẹ lónìí. Bí a bá tún padà lọ sá pamọ́, ìmoore dà?

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ nìkan kò lè gbé òrùlé dúró. Ìmọ̀ràn mi nìyí.

Kí a tó san kọ́bọ̀, kí a dá Ifá lórí ilẹ̀ náà, kí a sì pe ayẹ̀léwò tí ó mọ ilé pákó. Kí ó wo ikán, kí ó wo òpó kúkúrú tí ilé dúró lé, kí ó wo wáyà iná. Àǹfààní kan tí ilé wọ̀nyí ní ni pé wọn kò jókòó sórí ilẹ̀ gbalaja. A lè fi jáàkì gbé wọn sókè, kí a pààrọ̀ òpó tí ó ti jẹrà. Gbogbo wa ni a rántí omi Harvey ní 2017, nítorí náà kí a béèrè ibi tí omi dé ní òpópónà náà. Ilé tí a kọ́ ṣáájú 1978 sábà máa ń ní òjé nínú ọ̀dà ara rẹ̀. Òjé tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ olórìṣà Ọbàtálá di májèlé nínú ara ọmọdé bí a bá ha á láìmọ̀ọ́ṣe. Kí a má fi ìwà ọ̀làwọ́ rán àwọn ìyàwó lọ ha ọ̀dà náà. Ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ó ṣe é.

Lórí owó, kí a má tan ara wa. Ìjọba àpapọ̀ ń dá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún (20%) owó àtúnṣe padà nínú owó orí fún ilé àtijọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ilé tí ń mú owó wọlé nìkan ni èyí wà fún. Ojúbọ kò sí nínú rẹ̀. National Trust for Historic Preservation ní àpò owó kan láti 2017 fún àwọn ibi ìtàn aláwọ̀ dúdú, a sì lè kọ ìwé sí wọn. Síbẹ̀, èésú tiwa ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀. Kí a ya ìdá kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ilé lẹ́yìn àtúnṣe, nítorí òrùlé tí a tún ṣe lónìí yóò tún jò.

Lórí ìní, kí ilẹ̀ má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan. Kí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ tà á fún èrè, àti pé tí ẹgbẹ́ bá tú ká, àdúgbò ni yóò jogún rẹ̀. Houston kò ní òfin tí ó pín ìlú sí ibi ilé gbígbé àti ibi òwò bí ìlú ńlá mìíràn. Àdéhùn inú ìwé ilẹ̀ ni ó ní agbára níbí. Nítorí náà, kí agbẹjọ́rò ka ìwé ilẹ̀ náà kí àwa tó fọwọ́ sí i.

Ní paríparí rẹ̀, kí a kí àwọn àgbà òpópónà náà kí a tó ra ilé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹ̀rù òrìṣà sì lè wà lára wọn. Kí a gbé omi tútù àti ọ̀rọ̀ rere lọ. Kí a béèrè ohun tí ilé náà jẹ́ ní ìgbà èwe wọn, ẹni tí ó gbé inú rẹ̀, orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó, iṣẹ́ yín nìyẹn: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A kò lè sọ ilé yìí ní orúkọ Yorùbá kan láìmọ orúkọ tí ó ti ń jẹ́ bọ̀.

Kí ọdún yìí tó parí, àwọn àgbà yóò jókòó lórí ọ̀ràn yìí. Ohùn mi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sì ní tiyín. Kí ọjọ́ ìpàdé tó dé, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ní Third Ward ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ ka iye ilé pákó tí ó ṣì dúró, ẹ sì kí àwọn tí ó jókòó sí pèpéle. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí a gbé òrìṣà sí.

Kí Ògún la ọ̀nà fún wa, kí Ọ̀ṣun fi omi tútù tù wá lára, kí Ilẹ̀ gbà wá. Àṣẹ.